Mọ́kànlá Lórí Nọ́ḿbà Kan

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wá lónìí. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sí réjísítà bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá. Bí wọ́n ti mu tíì tán, Alága dìde, ó ní òun ní ìròyìn ayọ̀. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, bó bá ti ní òun ní ìròyìn ayọ̀, iṣẹ́ ló fẹ́ gbé ru ẹlòmíì.

Ó ní ẹgbẹ́ àwa àgbà yìí máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn onínúure kan ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ tiwa, níbi tí kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù, tó jẹ́ pé ìfẹ́ inú ni gbogbo wa fi ń ṣe é. Orúkọ, àdírẹ́sì, ẹni tí ọkọ̀ máa lọ gbé, ẹni tó kàn láti se tíì, ètò náà á máa tò ó fúnra rẹ̀. Ó wá pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ síwájú, obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀fẹ́ ni o," ni obìnrin náà wí. "A ò ní san nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀."

Mo ka "ọ̀fẹ́" mẹ́sàn-án lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Télọ̀, tó máa ń jókòó tì mí, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. Ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kò sì mọ bí ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè tó. Gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ: "Ìyá Ọ̀fẹ́ rèé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Orúkọ lẹ̀ mọ́ ọn lára nìyẹn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni akọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè kí wọ́n tó kéde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìyá Ọ̀fẹ́ wá sílé láti wo réjísítà. Ooru mú gan-an, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Ó ń fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè bí ọlọ́pàá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ilà pẹ́ńsù kékeré yìí?"

Mo ní ẹni tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ gbé ni.

"Òdo yìí ńkọ́?"

Mo ní ẹni tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn lọ kanlẹ̀kùn fún ni, nítorí kò ní gbọ́ fèrè ọkọ̀. Bàbá Télọ̀ nìkan ló ní ilà tó tún ní òdo. Ó dá gbé lókè àjà kẹta, ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni.

Ó ṣe àpótí kan fún ilà nínú ètò kọ̀ǹpútà náà, ó ṣe òmíràn fún òdo. N ò fẹ́ kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi fún un lómi tútù, ó ní, "Obìnrin yìí mọ̀wé o." Mo ní ta ni ò mọ̀wé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Dátà ti tún gbówó lórí. Ìgò tí mo fi ń kàwé ti họ, ojú ọ̀tún rẹ̀ ló burú jù. Ní irú àkókò yìí ni Alága fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè, àti pé èmi tí mo mọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni kí n dáhùn. Ìgbà tí ìbéèrè dé ni wọ́n rántí ẹni tó mọ̀ wọ́n.

Ìyá Ọ̀fẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn orúkọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì nítorí bí a ṣe kọ wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá rí àkọsílẹ̀ tó jọra, á béèrè bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n, kí òun pa wọ́n pọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ kà á o, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ti pa wọ́n pọ̀, títú wọn kì í rọrùn."

Mo sọ fún un pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ti ń ka àdírẹ́sì kí wọ́n tó fi í sílé ìwé.

Ìbéèrè mẹ́tàdínláàádọ́ta ló dé sórí fóònù mi. Ogún àkọ́kọ́, òótọ́ ni, ẹnì kan náà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo parí gbogbo rẹ̀ kí omi tíì mi tó hó. Mo fẹ́ rí ọ̀dọ́ tó máa ṣe é kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí a fi tú ká. Lánàá, nígbà tí ẹ̀rọ náà fi iṣẹ́ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ìpàdé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wọ fóònù mi, ti Ìyá Agbẹ̀bí. Àwọn àgbà mọ́kànlá tí kò ní fóònù, òun náà wà lára wọn, nọ́ḿbà tèmi ni mo kọ síwájú orúkọ wọn nínú réjísítà láti ọjọ́ yìí wá, kí ọ̀rọ̀ wọn lè rí ibi bà sí. Mo ti rò pé iṣẹ́ mọ́kànlá ló máa dé. Mo ní bóyá ẹ̀rọ náà gbọ́n tó láti mọ̀ pé ọ̀kan ti tó mi.

Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀fẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníbúrẹ́dì tó ń fi ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ gbé àwọn àgbà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá gbé réjísítà mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, "A ò ní lò ó mọ́," ó tì í pa. Ó jókòó. Kò pe orúkọ mi.

Ọdún mẹ́rìnlá. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé. Àga Bàbá Télọ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní òjò ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

N ò lọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé orí ń fọ́ mi.

"Orí wo ló ń fọ́ yín, bàbá wọn? Ìgbéraga yẹn ni?"

Oníbúrẹ́dì pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn tí mò ń gbé ti dín kù lórí fóònù mi. Tẹ́lẹ̀, mọ́kànlá ni mò ń gbé ládùúgbò yín. Ní báyìí, Ìyá Agbẹ̀bí nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé òjò ló fà á lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo ní kó lọ bi kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, sà."

"Wọn ò lò mí mọ́. Kọ̀ǹpútà ni kó o bi."

Mo gé fóònù. Mo fẹ́ kí ó dàrú. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ti rí, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí: mo fẹ́ kó dàrú, kí wọ́n wá bẹ̀ mí, kí Alága fúnra rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

N ò lọ. Oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Télọ̀ já lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lánàá. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán.

Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra ni bàbá náà wọ aṣọ tó dáa jù, ó dé fìlà, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó ń retí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn. Ó ń jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Obìnrin náà bi í lọ́sẹ̀ kejì bóyá kí òun bá a pe ẹnì kan. Ó ní rárá, wọ́n ń bọ̀, Akọ̀wé ò lè gbàgbé òun. Lánàá ni ó ní òun á fẹsẹ̀ ara òun lọ. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló sọ̀.

Mo jókòó síbi tí mo wà títí tíì mi fi tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Fìlà rẹ̀ wà lórí àpótí kékeré, ẹnì kan ti ká a dáadáa. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi, ó sì rán ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. N ò tíì rí i láìdé fìlà rí.

"Akọ̀wé," ó ní, "kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ lé mi. Mo jókòó, mo rò ó. Mo ní nítorí orúkọ tí mo sọ obìnrin yẹn ni. Mo ní inú ti bí i, wọ́n sì ti yọ mí kúrò." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ sínú etí, kò sì lè yíra padà láti nù ún. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé eré ni mo ń ṣe."

Mo bá a nu ojú. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, mo sì máa lọ bá wọn. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú tó lè fa igi tu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

N ò mọ bí mo ṣe máa kọ tòní.

Mo dé yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní aago mẹ́wàá. Ìyá Ọ̀fẹ́ wà nídìí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí n tó jókòó. Ó gbọ́ mi títí mo fi dánu dúró, ó ní, "Ẹ jókòó síbí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ yìí máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sílẹ̀. Òun ni mo ṣí yìí. Ẹ máa kà á, mo fẹ́ gbé omi kaná."

Ó lọ. Mo ti ìgò mi sókè, mo kà á.

Àkọsílẹ̀ mọ́kànlá, nọ́ḿbà fóònù kan náà. Ìbéèrè: ṣé ẹnì kan ni gbogbo àwọn wọ̀nyí? Ìdáhùn: bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tó kù: Ìyá Agbẹ̀bí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó dáhùn: Akọ̀wé.

Orúkọ wọn tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá wọn, bí mo ṣe kọ wọ́n sínú réjísítà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Bàbá Télọ̀ ni ẹnì keje. Ẹ̀rọ náà ti bi mí. Ó bi mí ní kedere. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ ni pé nọ́ḿbà yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, n ò sì ka ìbéèrè náà.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mo pa ojú ìwé náà dé. Ó gbé tíì síwájú mi. Ó bi mí bóyá mo rí nǹkan kan.

Mo ní, "N ò rí nǹkan kan tó yé mi. Ẹ̀rọ yín ló ṣe é."

Mo mu tíì rẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìpàdé pàjáwìrì. N ò rí i kí àwọn èèyàn pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ṣí gbọ̀ngàn. Nínú àwọn mẹ́wàá tí orúkọ wọn pòórá, mẹ́fà ní ọmọ tàbí aládùúgbò tó ń mú wọn wá, mẹ́ta ti ń fẹsẹ̀ rìn wá tí wọ́n sì ń bú Oníbúrẹ́dì lọ́nà. Bàbá Télọ̀ nìkan ni kò lẹ́ni tó lè mú un wá.

Gbogbo wọn ló dojú kọ Ìyá Ọ̀fẹ́. Ọ̀kan ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dáa. Òmíràn ní ta ló ní kó wá. Oníbúrẹ́dì dìde, ó ní òun béèrè, òun béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó mọ̀, ó sì wò mí fẹ́ẹ́rẹ́. Mo wo ilẹ̀. Ó jókòó.

Alága ní, "N ò ní tìtorí pé ìyàwó àbúrò mi ni kí n bo ọ̀rọ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

Mo ti ọwọ́ ọ̀tún mi bọ àpò.

Ìyá Ọ̀fẹ́ dìde. Ó wo yíká, ó wò mí, ó dúró díẹ̀. Ó rí bí ẹni tó ń fún èèyàn láyè kó kọjá. Mo mọ̀ pé èmi ló ń dúró dè.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí wa," ó ní. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sórí tábìlì.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ti kà á, kẹ́ ẹ tó dé. Mo ṣí i sílẹ̀ kó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́. Mo ní àgbà ni yín."

Ó lọ. Àgbà ni mí lóòótọ́, mo fi ogún ọdún jù ú lọ ní díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń ká aṣọ, kò dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ wá ń sọ fún mi fún? Ṣé èmi ni mo já lórí àtẹ̀gùn ni?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ sílé ìwòsàn, mo sọ fún Bàbá Télọ̀. Mo gbé àga súnmọ́ etí rẹ̀ tó sàn díẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìbéèrè dé orí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Oníbúrẹ́dì. Nítorí etí rẹ̀, mo ní láti pariwo. Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ mi, nọ́ọ̀sì dúró, alágbàfọ̀ dúró. Ó tọ́ sí mi.

Ó di apá àga mi mú.

"Nítorí náà, kì í ṣe nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Kò bínú?"

"Kò bínú sí yín rí."

Ó mí kanlẹ̀. "Kí lẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ bi ọ́?"

"Ó ní ṣé ẹ̀yin àti Ìyá Agbẹ̀bí àti àwọn yòókù, ṣé ẹnì kan ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àti Ìyá Agbẹ̀bí! Obìnrin tó ga jù mí lọ báyìí!" Ó rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi dùn ún, ojú rẹ̀ fún pọ̀, mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí n jókòó. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé.

"Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta, Akọ̀wé. Ilé rẹ ò sì jìnnà."

Wọ́n ní kí àlejò máa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sílé Alága, mo jẹ́wọ́. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, Akọ̀wé. Ọkàn àwọn èèyàn ti balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún un tú, ta ló kù tí wọ́n máa gbẹ́kẹ̀ lé?"

Mo ní ìyàwó àbúrò yín ni wọ́n di ẹ̀bi mi rù.

"Ó gbà á, ó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀." Ó wá ní, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé òun á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún mi.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù tó kọjá rèé. Mo kọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo dìde lẹ́yìn tíì, n ò tọrọ àyè. Mo ní èmi ni mo pa orúkọ mọ́kànlá pọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe Ìyá Ọ̀fẹ́. Mo ní Oníbúrẹ́dì bi mí, mo lé e. Mo ní mo jókòó síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú Ìyá Ọ̀fẹ́, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹnì kan béèrè bóyá ṣúgà ṣì kù. Oníbúrẹ́dì nìkan ló sọ̀rọ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́, sà."

Mo gba ilé Ìyá Ọ̀fẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ ló jáde. Ó ní ìyàwó òun kí mi, kò lè jáde. Ó gbé àpòòwé kan lé mi lọ́wọ́.

Mo tú u nílé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀rọ náà ló wà níbẹ̀, àti ìwé mẹ́rin lórí bí a ṣe ń tú àkọsílẹ̀ tó pa pọ̀ ká, ní ẹsẹẹsẹ. Lẹ́tà gàgàrà gàgàrà ló fi kọ ọ́, nítorí ìgò mi tó họ. Kò sí ìkíni lókè, kò sí orúkọ nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú wọn ká. Ohun tí mo fi kíákíá dì. Mo lọ sílé ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo gba nọ́ḿbà ọmọ tàbí ti aládùúgbò. Ìyá Agbẹ̀bí ní ṣé mo ti ń lé àwọn kúrò lórí nọ́ḿbà mi ni.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Ọmọbìnrin Bàbá Télọ̀ wá mú un lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìlú rẹ̀ jìn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé. Mo bá wọn kó ẹrù: ẹ̀rọ ìránṣọ, sísọ́ọ̀sì mẹ́ta, àga tó ń gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, mo ní màá máa pè é. Ó ní, "Lórí nọ́ḿbà wo?" Kò fi ṣe eré. Ọmọ rẹ̀ ti gíláàsì sókè.

Ọkọ̀ búrẹ́dì gbé mẹ́wàá wá lónìí, gbogbo wọn pé. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo ṣí ẹ̀rọ náà. Mo wá orúkọ Bàbá Télọ̀ kàn. Ilà wà níbẹ̀, òdo wà níbẹ̀, nọ́ḿbà mi wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun yọ ẹni yìí kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo ka ìbéèrè náà dé òpin. Mo nu ìgò mi, mo tún un kà.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti máa ń kọ ọ́: ọjọ́, aago, orúkọ mi.